Gómìnà Ò Tíì Buwọ́ Lù Ú

Túndùn kọ àyè ọ̀fẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Pennsylvania fún un, nítorí pé bàbá àgbà kan sọ fún un pé òfin ti jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sì mọ̀ pé òfin kò tíì jáde panu mọ́.

Kíkẹ́lọmọ ni ọ̀rẹ́ yẹn. Lọ́dún 2003, ọmọ ọdún méjìdínlógún làwọn méjèèjì, wọ́n wà ní kíláàsì àṣejáde ní girama kan náà, ìjọ kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ṣùgbọ́n Maryland ni wọ́n bí Kíkẹ́lọmọ sí. Àwọn òbí rẹ̀ ní ilé sí Kettering, ó sì ti ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà láti ìgbà tó wà ní ìkókó. Túndùn ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà pé, wọn ò padà. Fúláàtì oníyàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Langley Park. Wọn ò ní pépà.

Ọmọ tí kò ní pépà lè lọ sí girama láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Yunifásítì ìjọba tó wà ní College Park ti gba Túndùn wọlé, bọ́ọ̀sì kan péré ló sì ń gbé èèyàn débẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àlejò ni wọ́n ní kó san, bí ẹni pé àná ló sọ̀ kalẹ̀ nínú bàlúù, owó àlejò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ọmọ ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni ìyá rẹ̀ ń ṣe. Kò lè san án.

Àbádòfin kan wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lọ́dún yẹn. Ó ní kí ọmọ tó bá ti ka ìwé girama rẹ̀ jáde ní Maryland máa san owó ọmọ ìpínlẹ̀, ì báà ní pépà, ì báà má ní. Ìjọ wọn gba ààwẹ̀ sí i.

Àsìkò yẹn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Pennsylvania kọ̀wé sí Túndùn: ilé, oúnjẹ, ẹ̀kọ́, ọdún mẹ́rin, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò béèrè pépà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kó sàmì sí káàdì kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sì fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, girama wọn rán Kíkẹ́lọmọ lọ sí Annapolis, níbi tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wá ṣe ìránṣẹ́ níbẹ̀. Péèjì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n á gbé omi, wọ́n á to ìwé sínú fáìlì, wọ́n á mú ìwé lọ fún aṣòfin tó bá nawọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jessica, tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ló ń darí wọn. Jessica kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe oge.

Kíkẹ́lọmọ rí àbádòfin náà nínú àwọn ìwé tó ń tò. Ó bi Jessica bóyá yóò yege.

"Á yege," Jessica dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ilé méjèèjì á gbà á. Lẹ́yìn náà gómìnà á pa á."

"Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Fítò ni wọ́n ń pè é. Kò ní buwọ́ lù ú, ó parí. Gbogbo wa níbí la mọ ibi tó dúró sí."

"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ẹ lè tún ìbò dì, kẹ́ ẹ borí ẹ̀."

Jessica rẹ́rìn-ín. "Àwa wo? Àádọ́rùn-ún ọjọ́ la máa ń lò níbí lọ́dún. Tó bá di ọjọ́ keje oṣù Ìgbé, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ: lọ́yà á padà sí kóòtù, àgbẹ̀ á padà sí oko. Gómìnà á di ìwé náà mú títí a ó fi tú ká, á wá kọ̀ ọ́. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ la tó tún jókòó. Ta ló fẹ́ borí ẹ̀ nínú ilé tó ṣófo? Ọmọ dáadáa, gbé omi yìí fún ọkùnrin tó wà ní ìlà kẹta yẹn."

Ohun tí Kíkẹ́lọmọ gbọ́ nìyẹn. Ó yé e yékéyéké.

Àbádòfin náà yege bí Jessica ṣe wí. Lọ́jọ́ Àìkú Imọ̀-Ọ̀pẹ, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ kóra jọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù nínú abọ́ pépà. Bàbá Adékúnlé sì dìde.

Bàbá Adékúnlé ni bàbá tó bí bàbá Kíkẹ́lọmọ. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì ti lo ọdún méjì ní Kettering lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, akọ̀wé ni ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn, ó sì lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, títí kan ìgbà tó bá ń jẹ kọ́ọ̀nfíléèkì. Bàbá mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wàhálà rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ kì í pẹ́ gbàgbé láti béèrè.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run," Bàbá bẹ̀rẹ̀, "iṣẹ́ ti parí! Ilé ti dìbò. Mo jókòó lábẹ́ àga Olórí Ilé fún ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjọba ṣe ń rìn fún yín. Nígbà tí ilé bá ti dìbò, kí ló kù? Òǹtẹ̀ ló kù! Gómìnà ìgbà tiwa, òyìnbó tó ń dé fìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bó bá wọlé, ìwé tí Pírẹ́míà bá kọ lé e lọ́wọ́ ló máa kà. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa buwọ́ lù. N kò rí ọjọ́ kan rí tó kọ̀. Ọ̀nà wo ni yóò gbà kọ̀? Inú ilé yẹn náà ni a ti mú Pírẹ́míà àti gbogbo mínísítà. Ilé ni ìjọba, ìjọba ni ilé. Òǹtẹ̀ lásán ni gómìnà. Ta ló ti rí òǹtẹ̀ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ń wa takisí, Délé, nawọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Gómìnà ibí yìí, ṣebí àwa aráàlú la dìbò yàn án lọ́tọ̀? Kì í ṣe àwọn aṣòfin ló mú un. Ṣé kò wá lè ní òun ò ṣe?"

"Délé, ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?"

"Sistí-síìsì, sà."

"Ọdún tí ṣọ́jà ti ilé wa pa gan-an. Ìwọ ò bá ìjọba gidi láyé. Jókòó, kí jọ̀lọ́ọ̀fù ẹ má tutù."

Gbọ̀ngàn rọ́ gìrì fún ẹ̀rín. Délé náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ìbéèrè rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ tó mú ọgbọ́n dání lọ́jọ́ náà, òun náà ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí Bàbá sọ kì í ṣe irọ́. Òótọ́ Ìbàdàn àtijọ́ ni. Níbẹ̀, ilé ló ń bí ìjọba. Níbí, ìlú dìbò yan ilé lọ́tọ̀, wọ́n dìbò yan gómìnà lọ́tọ̀, kálukú sì ní agbára láti dá ọwọ́ èkejì dúró. Bàbá gbé òfin ìlú kan wọ ìlú mìíràn, bí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ ṣí ilé ẹlòmíràn.

Ìyá Túndùn ti kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ti bá mi tú ẹrù tó wà lórí mi. Mi ò fẹ́ kó lọ sí ọ̀nà jíjìn yẹn tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀."

"Dìde, ọmọ mi. Kí Túndùn dúró tì ọ́. Kí ló sọnù sí Pennsylvania?"

Ẹ̀gbẹ́ kúlà omi ni Kíkẹ́lọmọ dúró sí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹnìkan lè ní ọ̀wọ̀ àgbà ló dì í lẹ́nu. Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni Kíkẹ́lọmọ ń bá bàbá àgbà rẹ̀ jiyàn, lórí bọ́ọ̀lù, lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, lórí ẹni tó pa tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó dì í lẹ́nu ni pé kò fẹ́ kí Túndùn lọ. Òun náà ń lọ sí College Park, ẹ̀rù sì ń bà á láti dá wà níbẹ̀. Kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn. Ó wò ó pé bí òun bá dákẹ́, Túndùn á dúró. Bóyá gómìnà á sì yí ọkàn padà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó wà ní Langley Park, lórí bẹ́ẹ̀dì tí Túndùn àti ìyá rẹ̀ jọ ń sùn. Káàdì náà wà láàárín wọn. Túndùn ń fi pẹ́ńsùlù gbá eyín.

"Mo ti mú 'bẹ́ẹ̀ ni' lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́," ó ní. "Wò ó, ojú ibẹ̀ ti dọ̀tí."

"Àwọn màlúù ló wà níbẹ̀ yẹn," Kíkẹ́lọmọ ní. "Àwọn ni wàá máa bá sọ Yorùbá."

"Ó sàn ju kí n máa bá ẹ sọ ọ́ lọ. Yorùbá tìẹ dà bíi ti ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Túndùn gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

"Kíkẹ́, má fi mí ṣeré. Mo gbọ́ ti Bàbá. Ìwọ lo lọ sí Annapolis. Kí ni ìwọ gbọ́?"

"Wọ́n ní ó máa yege. Ó sì yege."

"Gómìnà ńkọ́?"

Kíkẹ́lọmọ wo káàdì náà. Ó rántí gbogbo ọ̀rọ̀ Jessica, ó rántí ọkùnrin ìlà kẹta pàápàá.

"Bàbá Àgbà ṣiṣẹ́ nílé aṣòfin fún ọdún mọ́kànlá," ó ní. "Èmi, omi ni mo lọ ń gbé."

Kò sí irọ́ kan ṣoṣo nínú ohun tó sọ. Bí èèyàn ṣe ń fi òótọ́ tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó rọrùn ju irọ́ lọ, ó sì burú jù ú lọ, torí pé ẹni tó ṣe é lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Túndùn mí kanlẹ̀. Ó mú bíírò, ó sàmì sí 'bẹ́ẹ̀ kọ́'. Àwọn méjèèjì rìn lọ síbi àpótí lẹ́tà tó wà níwájú ilé ìfọṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará El Salvador. Túndùn na káàdì sẹ́nu àpótí, ó tún fà á padà. Kíkẹ́lọmọ gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a jù ú sínú àpótí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Èbìbí, gómìnà kọ̀. Bàbá Adékúnlé àti Kíkẹ́lọmọ ni wọ́n wà ní pálọ̀ ní Kettering nígbà tí ìròyìn sọ ọ́. Bàbá rò pé òun ṣì í gbọ́ ni. Nígbà tí wọ́n tún un sọ, ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Ilé á jókòó lọ́la, wọ́n á borí rẹ̀."

Ó tẹ ọ́fíìsì ilé aṣòfin láago, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó dára jù béèrè wákàtí tí ìjókòó máa bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó dá a lóhùn kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ní ó di Ṣẹ́rẹ́. Oṣù mẹ́jọ! Níbo ni àwọn aṣòfin wà fún oṣù mẹ́jọ?"

"Wọ́n ti lọ sílé, Bàbá Àgbà," Kíkẹ́lọmọ ní. "Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni wọ́n ń lò. Gómìnà mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí wọ́n lọ ni."

Bàbá yíjú sí i. "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

"O ti mọ̀ kí n tó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O dúró síbẹ̀, o jẹ́ kí n fi ẹnu mi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?"

"Ẹ ò ní gbọ́ tèmi, sà. Ṣebí ẹ ní kí Bùrọ̀dá Délé jókòó."

Bàbá padà jókòó. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ó ṣeé ṣe kí n má gbọ́. Ṣùgbọ́n Túndùn ì bá gbọ́."

Túndùn ti pe kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n ní ọjọ́ tí káàdì rẹ̀ dé ni wọ́n ti fún ẹni tó tẹ̀ lé e ní àyè náà. Wọ́n ní kó gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gbìyànjú, àwọn mìíràn ni wọ́n mú.

Ilé ìfọṣọ ni Kíkẹ́lọmọ bá a, ó ń ká aṣọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ jẹ́wọ́ fún un lórí ìdúró. Túndùn ká aṣọ méjì kó tó dáhùn.

"Mo bi ẹ́," ó ní. "Mo dárúkọ gómìnà, mo bi ẹ́."

"Mo fẹ́ ká jọ wà ni."

"Níbo? Ìwọ máa wà ní College Park. Èmi máa wà níbí, níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣé ibi tí o fẹ́ ká jọ wà nìyí?"

"Túndùn, jọ̀ọ́..."

"Má bẹ̀ mí. Tó o bá bẹ̀ mí, màá ní láti sọ pé kò burú. Ó burú."

Ìyá Túndùn wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ kejì. Wọ́n ti sọ fún un. Kò bú Kíkẹ́lọmọ. Ó kàn bi í bóyá ó ti jẹun. Kíkẹ́lọmọ jáde. Títí tí wọ́n fi jáde girama, Túndùn ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Bàbá Adékúnlé ní kí ọmọ òun fi mọ́tò gbé òun lọ sí Langley Park. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì náà láìsí táì lọ́rùn, ó ní, "Ìyá Túndùn, mo ṣìnà." Kò fi kún un. Kò tún dìde sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn mọ́. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé, àwọn aṣòfin jókòó, wọn ò borí fítò náà.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí ẹnìkan bá ń sọ fún yín bí ìjọba ṣe ń rìn, ẹ bi í pé ìlú wo ló ń sọ. Ẹ béèrè ẹni tó lè sọ pé rárá níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ìgbà tí àwọn tó lè dá a lóhùn máa jókòó. Bí ẹ bá sì mọ òótọ́ tí ọ̀rẹ́ yín nílò, ẹ sọ ọ́ kó tó sàmì sí káàdì, ì báà jẹ́ pé òótọ́ náà ló máa gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Òótọ́ tó dé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Túndùn lo ọdún mẹ́ta ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, ó ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ páálí. Ní ọdún 2006, ó ní ọjọ́ orí òun ń lọ, ó padà sí Ìbàdàn láti lọ ṣe ìdánwò àṣewọlé. Ó mọ òfin ìyẹn dáadáa, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló kà á: ẹni tó ti dàgbà tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìní pépà, bó bá ti jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá ni kò fi ní padà wọlé. Ìyá rẹ̀ ò lè bá a lọ, nítorí pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ní Maryland ni yóò fi rán an níwèé. Lórí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Lọ́dún 2009, ẹ̀jẹ̀ ríru pa ìyá náà lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọ ló sin ín. Túndùn ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Túndùn ò sì lè wá, nítorí pé ọdún méje ṣì kù.